Ẹlẹ́dẹ̀ Tó Gbé Fìtílà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí géèmù The Legend of Zelda: The Wind Waker, ẹ̀rín ni mo bú sí. Mo ní, "Ṣé eré jẹ́lé-ó-sinmi rèé?" Orí Link, akọni inú rẹ̀, rí gbàǹgbà, ojú rẹ̀ dà bí ti ológbò.

Èmi nìkan kọ́ o. Ní 2000, Nintendo ti ṣàfihàn Link kan tó jọ èèyàn gidi. Nígbà tí wọ́n wá gbé ti kàtúùnù síta ní 2001, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń retí rẹ̀ ló fajú ro. Géèmù náà dé ọjà ní Japan ní oṣù Kejìlá 2002.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí akọni bá ti di kàtúùnù, àwọn abàmì ẹ̀dá tó ń bá a jà ò lè wà bí wọ́n ṣe wà. Yoshiki Haruhana ló ya Link tuntun. Satoru Takizawa wá ya Moblin tó bá a mu. Nínú Ocarina of Time ti 1998, ojú Moblin dà bí ti ajá oníjà. Níbí, ó di ẹlẹ́dẹ̀ gàgàrà tó ń fi agbárí ṣe ẹ̀gbà ọrùn. Imú yẹn nìkan, àwàdà ni.

Ṣùgbọ́n dúró ná. Wọ inú odi Forsaken Fortress lóru, láìsí idà lọ́wọ́ rẹ. Moblin ń bọ̀ pẹ̀lú fìtílà. O sá sábẹ́ àgbá, o ò gbọdọ̀ mira. Bó bá rí ọ pẹ́nrẹ́n, ẹ̀wọ̀n yá. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín mi tán.

ReDead ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, òkú gbígbẹ ni. Níbí, ara rẹ̀ ṣókùnkùn, yẹtí ńlá wà létí rẹ̀, ihò ló fi ṣe ojú. Àfi kí ihò yẹn dédé tàn yòò, kó lanu, kó ké. Link á gan pa! Ìlà díẹ̀ ni wọ́n fi yà á, àmọ́ igbe rẹ̀ ò yí padà.

Ohun tí mo rí dì mú nìyí: awọ kọ́ là ń tọ́jú bí a bá ń yí ẹ̀dá padà, ìṣe rẹ̀ ni.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló yege o. Chuchu, tó rí bọ̀rọ̀gìdì bíi jẹ́lì, ara kan náà ni wọ́n kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀. Òótọ́ ni, bó o bá fi idà kan ti yẹ́lò, iná á gbé ọ. Síbẹ̀, ojú ò rí ìyàtọ̀ kankan ju ọ̀dà lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń yàwòrán nínú ẹgbẹ́ wa, kẹ́ ẹ tó bèèrè iye eyín tẹ́ ẹ máa yọ lẹ́nu iwin yín, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tó ń ṣe fún ẹni tó bá pàdé rẹ̀. Èmi tí mo rẹ́rìn-ín, abẹ́ àgbá ni mo ti kọ́ ọ.