Àlá Méjì Lórí Ibùsùn Kan

Lọ́dún 1857, wọ́n gbé Gustave Flaubert lọ sí ilé ẹjọ́ ní Paris nítorí ìwé ìtàn-àròsọ rẹ̀, Madame Bovary. Agbẹjọ́rò ìjọba ní ìwé náà ń ba ìwà ọmọlúàbí jẹ́, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ dá Flaubert sílẹ̀. Títí di òní, ọ̀pọ̀ olùkàwé ṣì ń dá Emma, obìnrin inú ìwé náà, lẹ́bi. Wọ́n ní ìwé ìfẹ́ tó ń kà àti àlá tó ń lá lójú ọ̀sán láìsùn ló pa á. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ọmọ àgbẹ̀ ni Emma. Ó fẹ́ Charles, oníṣègùn ìgbèríko tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ dénú, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò dùn-ún gbọ́. Nígbà tí ilé sú Emma, ó ra àwòrán ìlú Paris, ó ń fi ìka tọ àwọn òpópónà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ rí. Nígbà tó yá, àlá náà ṣókùnkùn. Ó ń wù ú kí Charles tilẹ̀ na òun, kí òun lè rí ìdí gidi láti kórìíra rẹ̀, kí òun sì gbẹ̀san. Èrò burúkú tó ń sọ sí i lọ́kàn a máa ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Mo gbà pé òótọ́ ni Flaubert kọ níbí yìí: obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò ṣe ní láburú kò ní ẹjọ́ tó lè rò, síbẹ̀ inú rẹ̀ kò dùn.

Ọ̀nà wo ni ìbá gbà jáde? Òfin ilẹ̀ Faransé ti fagi lé ìkọ̀sílẹ̀ láti ọdún 1816, ọdún 1884 ni wọ́n tó dá a padà. Ó tọ àlùfáà lọ. Àlùfáà rò pé oúnjẹ ni kò dà nínú rẹ̀, ó ní kó lọ mu tíì. Àwọn ọkùnrin tó yàn lálè já a sílẹ̀. Lheureux oníṣòwò ní tirẹ̀ ń tajà fún un láwìn, títí gbèsè fi di 8,000 franc. Kò rí i san, ó sì gbé májèlé jẹ.

Ibi tó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ ni òru kan tí Charles ti ibi iṣẹ́ dé. Emma ń díbọ́n pé òun ti sùn, ọkàn rẹ̀ sì wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́rin tó ń gbé e sá lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Charles náà ń lálàá láìsùn: ó ń wo Berthe ọmọ wọn, ó ń rí i bó ṣe ń ti ilé ìwé bọ̀, bó ṣe ń dàgbà, títí dé ilé ọkọ rere. Kò sí ẹni tó la ẹnu nínú àwọn méjèèjì.

Ohun kan ni mo fi bá Flaubert wí: ó fi Charles ṣẹ̀sín jù. Ká ní ó jẹ́ ká máa gbọ́ ohùn inú rẹ̀ bíi ti òru yẹn ni, àánú tọkọtaya náà ìbá ṣe wá dọ́gba.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ má ṣe gba ìwé yìí lọ́wọ́ àwa ọmọ. Ẹ jẹ́ ká kà á dé ìparí, níbi tí Charles ti kú, tí Berthe sì ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ òwú kó tó lè jẹun.