Ibi Tí Boucher Fi Wá Sílẹ̀ Sí

Ẹni tó bá gbọ́ pé Venus ni àwa mẹ́rin fi ń kọ́ ọ̀dà olóròóró nínú yàrá kan ní Bódìjà á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kí ló kàn wá nínú òrìṣà ẹwà àwọn ará Róòmù? Síbẹ̀, Ìṣẹ́gun Venus tí François Boucher yà ní 1740 la mú. Ojúlówó rẹ̀ wà ní Stockholm. Èyí tí a tẹ̀ jáde ní Àgbówó pọ́n bí ẹni tí ibà pọ́njú ń bá jà, ojú fóònù la sì padà ń wò.

Boucher kọ́ wa ní sùúrù. Ọ̀dà tí a fi òróró pò kì í tètè gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí òróró rẹ̀ pọ̀ kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ èyí tí òróró rẹ̀ kéré, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa sán. A tún rí i pé ara Venus tó dà bíi wàrà yẹn kì í ṣe funfun rárá: búlúù díẹ̀ lábẹ́ apá, pupa díẹ̀ ní orúnkún. Inú òjìji ni gbogbo iṣẹ́ wà. Wíwò lásán kò lè fi èyí hanni. Ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n.

Wàhálà dé nígbà tí a kan àwọn ọkùnrin inú omi. Àwọn ni àwọ̀ wọn ṣú jù nínú àwòrán náà, kò sì jọ pé wọ́n wà fún ohun mìíràn ju kí funfun àwọn obìnrin ẹ̀gbẹ́ wọn lè yọ dáadáa. A wá fi ọgbọ́n tí a fi kun Venus ya ọ̀kan nínú wa. Ojú ẹ̀ di eérú. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ti ní orúkọ fún ohun tí à ń wá: adúmáadán. Dúdú nìkan kọ́, dídán wà níbẹ̀. Lára Venus, òjìji ni kéèyàn ṣọ́. Lára adúmáadán, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà sí ni: iwájú orí, èjìká, orí imú. Boucher ò ní èyí láti fún wa.

Ẹni tó ti dé oríta yìí ṣáájú wa ni Àìná Ọ̀nàbólú, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882. Àwòrán inú ìwé òyìnbó ló ń wò yà láti kékeré. Nígbà tó fi ya Dókítà Sapara ní 1920, kò tíì wọ iléèwé ìyàwòrán kankan. Lẹ́yìn náà ló tó kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn kan ń pè é ní ọmọ ẹ̀yìn òyìnbó. Àsọdùn gbáà ni. Ojú àwọn èèyàn Èkó ló lo ohun tó kọ́ fún, lásìkò tí òyìnbó ń sọ pé adúláwọ̀ ò lè ya irú ẹ̀. Tí a bá máa bá a wí, ti pé kí àwòrán ṣáà ti jọ olówó ẹ̀ tètè máa ń tẹ́ ẹ lọ́rùn ni. Kenneth Murray, tó dé ní 1927 lẹ́yìn tí Ọ̀nàbólú ti bẹ ìjọba fún olùkọ́ sí i, ni kò fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa wo iṣẹ́ òyìnbó yà. Ó rọrùn fún un láti sọ.

Uche Okeke àti Demas Nwoko, tí wọ́n fi iṣẹ́ wọn hàn níbí n'Íbàdàn, ní Mbárí, ní 1961, ò ṣe báyẹn. Wọ́n kọ́ tòyìnbó ní Zaria, wọ́n wá ṣa èyí tó wúlò nínú ẹ̀ mọ́ tiwọn.

Venus tiwa ò tíì parí. A fi àyè àwọn ọkùnrin inú omi sílẹ̀ láìkùn. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀kan nínú wa máa bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, á jókòó sẹ́bàá fèrèsé kí oòrùn ọ̀sán tó kúrò níbẹ̀.