Ẹsẹ̀ tí Téèpù Kò Rí: Iṣẹ́ Òòjọ́ Oníjó àti Lámèyítọ́ Eré-oníṣe Yorùbá

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé ipò tí ijó wà nínú eré-oníṣe Yorùbá, ìdáhùn tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn máa ń kọ kò ju ẹyọ kan lọ: ijó wà níbẹ̀ láti dá àwọn òǹwòran lára yá. Èmi tí mo ń kọ́ irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Kétu sí Ìkòsí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, ti ka ìdáhùn yìí títí ó fi sú mi. Kì í ṣe pé irọ́ ni. Ohun tí ó burú nínú rẹ̀ ni pé ó sọ ijó di iyọ̀ tí a bù sí ọbẹ̀ lẹ́yìn tí ọbẹ̀ ti jinná, ó sì sọ oníjó di ẹni tí kò níṣẹ́ kankan títí ìlù yóò fi dún.

Èrò tèmi ni pé a kò lè ṣe lámèyítọ́ ijó bí a kò bá mọ iṣẹ́ òòjọ́ ẹni tí ń jó o. Láti fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀, n ó gbé oníjó méjì yẹ̀ wò: oníjó ilẹ̀ Òyìnbó tí ń jó èyí tí wọ́n ń pè ní ballet, àti oníjó inú ẹgbẹ́ eré arìnrìn-àjò tiwa. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé mo mú ballet wọ inú ọ̀rọ̀ Yorùbá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni wọ́n mú un wá. Ní 2020, fídíò ọmọ ọdún mọ́kànlá kan, Anthony Madu, tàn káàkiri ayé. Inú òjò ni ọmọ náà ti ń jó ballet láìwọ bàtà, ní Àjàngbàdì, níbi tí Daniel Ajala ti dá ilé-ẹ̀kọ́ ijó kan tí kì í gba owó sílẹ̀ ní 2017. Ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan nínú kíláàsì mi pé ijó tí ó ní ìlànà nìyẹn, pé tiwa kò ní ìlànà, a kàn ń jó o ni.

Ballet ní ìlànà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ni ìlànà náà wà, kì í ṣe orí ìtàgé. Ní ẹgbẹ́ ńlá bíi Royal Ballet ní London, tí Ninette de Valois dá sílẹ̀ ní 1931, kí oníjó tó fojú kan ohun tí yóò jó lálẹ́, yóò ti kọ́kọ́ lo wákàtí kan ó lé díẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ òwúrọ̀. Igi gbọọrọ kan tí a kàn mọ́ ara ògiri ni yóò dì mú. Yóò máa tẹ orúnkún díẹ̀díẹ̀, yóò máa na ẹsẹ̀, yóò máa gbé e sókè, títí iṣan rẹ̀ yóò fi gbóná. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi igi sílẹ̀, tí yóò bọ́ sí àárín yàrá, tí yóò máa yí, tí yóò sì máa fò. Ẹni tí ó ti ń jó láti ogún ọdún kò yọ sílẹ̀; ohun tí ọmọdé fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ni àgbà oníjó fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ tirẹ̀. Ọ̀sán a di ìfidánrawò, àti pé nínú sáà eré kan ó lè jẹ́ eré mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ara rẹ̀ ń há sórí pọ̀. Bí àyè bá ṣí sílẹ̀ díẹ̀, àwọn obìnrin a máa rán okùn mọ́ bàtà tí wọ́n fi ń dúró lórí ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń rán an, nítorí pé ẹsẹ̀ ẹnìkan kò rí bí ti ẹnìkejì. Bàtà ọ̀hún sì lè má lò ju alẹ́ kan lọ kí ó tó rọ̀. Lálẹ́, eré. Bí ilẹ̀ bá tún mọ́, ó di ìdí igi ara ògiri.

Ẹ wá wo eré tí wọ́n ń pè ní Swan Lake, tí wọ́n kọ́kọ́ jó ní Moscow ní 1877, tí Petipa àti Ivanov sì tún un tò ní 1895. Bí a bá kọ ìtàn inú rẹ̀ sílẹ̀, kò ní kún ojú-ewé kan: ọmọ ọba kan nífẹ̀ẹ́ obìnrin tí oṣó sọ di ẹyẹ. Kò sí lámèyítọ́ kankan tí yóò ka ojú-ewé kan náà tán, tí yóò sì ní òun ti mọ Swan Lake. Ṣùgbọ́n ohun tí àwa ń ṣe sí Ọba Kò So gan-an nìyẹn.

Dúró Ládípọ̀ kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe eré yìí ní Berlin ní 1964, wọ́n sì gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wò ó níbẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá. Oríkì àti ọfọ̀ inú rẹ̀, tí àwa fi ń da ìbéèrè bo akẹ́kọ̀ọ́, kò yé wọn. Ìró àti ara ni wọ́n fi mọ̀ pé ọba kan ń ṣubú lójú wọn. Ìwé tí a sì rí kà lónìí, téèpù ni Curt Wittig fi gba ohùn inú rẹ̀ sílẹ̀ kí Robert Armstrong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣe àdàkọ rẹ̀, tí Institute of African Studies ní Yunifásítì Ìbàdàn sì tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ ribiribi ni wọ́n ṣe, ọpẹ́ ni ó yẹ wọ́n. Síbẹ̀, etí ni téèpù ní, kò lójú. Níbi tí ẹsẹ̀ bá ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu òṣèré, ojú-ewé a dákẹ́.

Ohun tí ìdákẹ́jẹ́ yìí bà jẹ́ hàn gbangba nínú ìfìwàwẹ̀dá Ṣàngó. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ṣe ìwọ̀n, ọba tí ó gbára lé ohùn ẹlòmíràn ni a ó rí. Àwọn ará ìlú ń kùn sí i nítorí Tìmì àti Gbọ́nkáà, Ọya sì ń gbà á nímọ̀ràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé ọ̀lẹ ọba ni Ṣàngó kò ṣi ìwé kà. Ìwé ni kò pé. Ijó bàtá ni ó gbé ìdajì ìwà rẹ̀ tí ó kù. Nínú bàtá, ìlù a máa sọ̀rọ̀, ara a máa fèsì. Bí ìyáàlù bá já a lójijì, èjìká oníjó gbọ́dọ̀ já a pẹ̀lú. Agbára ni ijó náà ń sọ nígbà tí ẹnu ń sọ iyèméjì, àárín àwọn méjèèjì sì ni àjálù ọba yìí ti ń hù. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi yóò ní mo ń fi ijó tún eré kọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí bẹ́ẹ̀.

Ta wá ni ó ń jó o, báwo ni ó sì ṣe ń lo ọjọ́ rẹ̀? Ẹgbẹ́ Hubert Ògúndé ni a ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ jù, ọpẹ́lọpẹ́ ìwé Ẹbùn Clark tí ó jáde ní 1979. Karin Barber náà bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí rìn, ó sì kọ ohun tí ó rí. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí igi ara ògiri. Bí ilẹ̀ bá mọ́, inú ọkọ̀ ni oníjó wà. Bí wọ́n bá dé ìlú tí wọn yóò ti ṣeré, wọn a fi ọkọ̀ yí ìlú ká pẹ̀lú gbohùngbohùn, wọn a lẹ ìwé ìpolówó mọ́ ògiri. Ẹni tí yóò jó lálẹ́ ni ó ń to àga, òun ni ó ń so aṣọ ìtàgé, òun ni ó ń lọ aṣọ eré. Ó sì lè jẹ́ òun náà ni yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà gba owó ìwòran. Lálẹ́ yóò jó ìjó ìbẹ̀rẹ̀, yóò sáré lọ pààrọ̀ aṣọ, yóò sì di ẹrú, tàbí olorì, tàbí ará ọjà nínú ìtàn. Bí eré bá parí, wọn a tú ìtàgé palẹ̀. Wọn kì í ka ipa wọn nínú ìwé. Wọ́n ń wo ọ̀gá, wọ́n ń ṣe bí ó ti ṣe. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti àkókò ọdún, Kérésì, Àjíǹde, Iléyá, ni ìrìnkiri yìí máa ń le jù.

Ẹni tí ó bá ti dúró ní ọjà Mile 12 ní ìdájí, tí ó wo alábàárù tí apẹ̀rẹ̀ tòmátì wà lórí rẹ̀, yóò ti rí i pé ìrìn rẹ̀ ní ìlànà. Ọrùn rẹ̀ kì í mì. Ìbàdí àti orúnkún ni ó fi ń gba ibi tí ilẹ̀ kò bá dọ́gba. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ilé-ìwé. Ẹrù ni ó kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe rí ijó àwọn arìnrìn-àjò: ẹrù ọjọ́ wọn ni ó fún un ní ìrísí. Ijó tí wọ́n fi ń ṣí eré, tí àwọn òṣèré fúnra wọn ń pè ní Opening Glee, kún fún àwítúnwí ẹsẹ̀. Òǹkàwé tí ó mọ àwítúnwí nínú ewì kò ní pè é ní àbùkù. Nípa àtúnṣe ẹsẹ̀ kan náà ni a fi lè fà á gùn bí gbọ̀ngàn kò bá tíì kún, tí a sì lè gé e kúrú bí ara àwọn òǹwòran bá ń wá ọ̀nà ìtàn. Ijó ballet ní láti rí lálẹ́ òní bí ó ti rí lánàá; ìdí nìyí tí a fi fi òwúrọ̀ ṣọ́ ọ. Ijó arìnrìn-àjò ní láti lè yí padà bí ìlú bá ti yí padà. Àìlágbára kì í ṣe ìdí rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àárẹ̀ máa ń hàn nínú rẹ̀ nígbà mìíràn, kò sì yẹ kí lámèyítọ́ fi orúkọ àṣà bo àárẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àwọn tí ó ní kí ijó wa má ṣe fara kan ti àjèjì kò tíì ka ìtàn Ògúndé dé ibi tí ó yẹ. Ní 1947, òun àti Clementina Oguntimirin lọ sí London, wọ́n sì kọ́ ijó ní ilé-ẹ̀kọ́ Buddy Bradley, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà. Ní 1967, Ògúndé kó ijó tiwa lọ sí Expo ní Montreal. Kò sí èyí tí ó pa èkejì.

Níbi tí mo ti fẹ́ bá Ògúndé wí, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó polówó pé òun ń wá obìnrin tí yóò máa ṣeré fún owó, wọn kò jáde. Ìgbà tí ó pè é ní iṣẹ́ akọ̀wé ni wọ́n tó wá. Ní 1946, nínú Tiger's Empire, ó fi orúkọ àwọn òṣèré obìnrin sí ìpolówó, ohun tí ó ṣe àjèjì lásìkò náà. Nígbà tí ó rí i pé ìgbéyàwó yóò kó wọn lọ, òun fúnra rẹ̀ fẹ́ púpọ̀ nínú wọn. Ọgbọ́n yìí ni ó jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà pẹ́, n kò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni iṣẹ́ oníjó ti wọ inú iṣẹ́ aya, tí ó sì ṣòro láti mọ èwo ni a ń sanwó fún. Akẹ́kọ̀ọ́ mi lè to orúkọ eré Ògúndé láti Strike and Hunger títí dé Yorùbá Ronú. Bí mo bá ní kí ó dárúkọ oníjó kan ṣoṣo, a máa dákẹ́. Clementina yìí, tí a wá mọ̀ sí Adéṣẹwà Ògúndé, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní 1970 nígbà tí ẹgbẹ́ ń lọ ṣeré ní Iléṣà. Ojú ọ̀nà jẹ́ ara iṣẹ́ òòjọ́ náà.

Lẹ́yìn náà ni sinimá dé, fídíò sì tẹ̀ lé e. Kámẹ́rà ní ojú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú òṣèré ni ó fẹ́ràn láti wò, ìjó ìbẹ̀rẹ̀ kò sì rí àyè nínú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní kí Ògúndé kó ẹgbẹ́ òṣèré ti orílẹ̀-èdè jọ ní 1986, Òsósà ìlú rẹ̀ ni ó kó àwọn ọ̀dọ́ oníjó lọ. Ó kú ní London ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin, 1990. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè wọ ọkọ̀ láti Kétu lọ sí ilé-ìtàgé ìjọba àpapọ̀ ní Ìgànmú, èyí tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè ní 2024, tàbí tí ó bá rí ibikíbi tí wọ́n ti ń jó bàtá nítòsí ilé rẹ̀, kí ó jókòó sí ibi tí yóò ti rí onílù àti oníjó pọ̀. Kí ó fi ìwé àti pẹ́ńsù sórí itan. Kí ó kọ́kọ́ ka iye ìgbà tí ìyáàlù pe oníjó kí oníjó tó dá a lóhùn, kí ó sì kọ ẹ̀yà ara tí ó fi dá a lóhùn sílẹ̀, kí ó tó ṣí ìwé Ọba Kò So.