Àkísà Àgbà: Ìgòkè Kíákíá nínú Eré Akọni

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí kì í ṣe èébú fún ọmọdé. Ohun tí ó ń sọ ni pé oríṣi ohun-ìní méjì ni ó wà: èyí tí owó tàbí ẹ̀bùn lè fi lé ènìyàn lọ́wọ́ lóòjọ́, àti èyí tí ó jẹ́ pé ìlò àti ọjọ́ nìkan ni ó lè sọ ọ́ di ti ẹni. Aṣọ ni ti àkọ́kọ́, àkísà ni ti èkejì. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe àtùpà láti yẹ oríṣi ìtàn kan wò tí àwa lámèyítọ́ èdè Yorùbá kò tíì fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí, èyí ni eré akọni tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà àti lórí fóònù. Kókó kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò: ọgbọ́n tí àwọn tí ń ṣeré ń dá kí akọni wọn lè tètè dàgbà láìná owó àti láìṣe wàhálà.

Ìlànà eré wọ̀nyí kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹni tí ó ń ṣeré ni ó ń darí akọni kan nínú ayé tí ó kún fún ẹranko abàmì, ọ̀tá àti ìṣúra. Bí akọni náà bá pa ọ̀tá, tàbí tí ó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, a gba ìrírí. Bí ìrírí náà bá pé iye kan, a bọ́ sí ìpele tí ó ga sí i, ara rẹ̀ a le sí i, ọwọ́ rẹ̀ a sì wúwo sí i. Eré orí tábìlì kan tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, Dungeons & Dragons, ni ó fi ìlànà yìí lélẹ̀. Nígbà tí Diablo jáde ní ìparí ọdún 1996, ó so ìlànà náà pọ̀ mọ́ ìjà ojú-ẹsẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ìka bá ti ń tẹ̀ ni idà ń bẹ́. Ohun tí oríṣi ìtàn yìí mú wá tí ó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni pé ó fi nọ́ńbà sí ìdàgbàsókè ẹ̀dá-ìtàn. Nínú ìtàn àròsọ tí a ń kọ́ ní kíláàsì, òǹkàwé ni ó ń fi ojú inú rí i pé ẹ̀dá-ìtàn ti gbọ́n ju ti àná lọ. Nínú eré yìí, a kọ ọ́ síta gbangba: ìpele 12, ìpele 40, ìpele 80.

Níbi tí nọ́ńbà bá sì wọ̀, ìṣirò kò ní ṣàì tẹ̀lé e. Láàrin àwọn ọ̀dọ́ Lánlátẹ̀ tí wọ́n ń ṣe eré wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ jù ni ibi tí èrè pọ̀ sí tí ìnáwó kéré. Ìlú yìí kì í ṣe àjèjì sí ohun tí ń ti òkèèrè wá. Ibẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ gbé ibùdó ìbánisọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì sí ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò mọ ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná kì í dúró, dátà kì í sì í ṣe ọjà pọ́ọ́kú. Láti ìgbà tí Ààrẹ Tinubu ti kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ẹni tí ó bá fi jẹnẹrétọ̀ ṣeré mọ iye tí wákàtí kan jẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí á yára pe irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ. Oríṣi ọ̀nà àbùjá mẹ́ta ni mo rí, wọn kò sì dọ́gba.

Ọ̀nà kìíní ni ti ìṣirò. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tí ó mọ́lẹ̀ jù ni Genshin Impact, eré tí ilé-iṣẹ́ miHoYo ti ilẹ̀ Ṣáínà gbé jáde ní 2020. Ọ̀fẹ́ ni eré náà, a sì lè ṣe é lórí fóònù. Nígbà tí ó jáde, 90 ni òpin ìpele. Ìrírí tí akọni kan nílò láti ìpele 1 dé 90 jẹ́ 8,362,650. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe pín in: láti ìpele 80 dé 90 nìkan, 3,423,125 ni. Èyí ni pé ìpele mẹ́wàá ìkẹyìn ń jẹ ju ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo ìnáwó náà lọ. Ìwé ìrírí tí ó níye lórí jù níbẹ̀, Hero's Wit, ń fún akọni ní 20,000, lílo ọ̀kan sì ń náni ní 4,000 Mora, owó inú eré. Ó lé ní 171 irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí ìpele mẹ́wàá yẹn yóò gbé mì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí akọni bá ti dé 80, tí a sì ti ṣe ìgòkè ńlá tí ó tẹ̀lé e fún un, ọ̀nà ti ṣí fún un láti mú ọgbọ́n ìjà rẹ̀ dé ìpele 10. Ohun tí ó kù kò tó ohun tí a ó ná lé e lórí. Nítorí náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n fi ń dúró ní 80, tí wọ́n sì ń fi ìyókù bọ́ akọni mìíràn, nítorí pé akọni mẹ́rin ni ó ń jáde lọ sójú ogun pọ̀.

Èmi kò rí àbùkù kankan nínú èyí. Bí àgbẹ̀ Ìbàràpá ṣe ń ronú gan-an nìyẹn. Ẹni tí ó ń gbin ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí mọ ìgbà tí ebè kan gba iṣẹ́ dé ibi tí ó tó, tí ó yẹ kí ọkọ́ kọjú sí ibòmíràn. Ẹni tí ó bá dúró ní 80 ti ka ayé eré náà dáadáa ju ẹni tí ó kàn ń lé 90 lọ nítorí pé 90 ni ó kẹ́yìn.

Ọ̀nà kejì ni ti ìpọ̀n. Nínú Diablo II, tí ó jáde ní 2000, ènìyàn tí ó tó mẹ́jọ lè wọ eré kan pọ̀, àwọn tí wọ́n bá jọ ṣe ẹgbẹ́ sì ń pín ìrírí. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi mọ̀ pé bí ẹni tí kò ní agbára bá rìn tẹ̀lé ẹni tí ó lágbára, tí ó sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ìrírí yóò máa rọ̀ sí i lára bí òjò. Yorùbá ti sọ ọ̀rọ̀ sórí èyí: ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Síbẹ̀, ẹ̀yìn tí ó pọ̀n ọmọ wà níbẹ̀, ó ń làágùn. Ìbátan wà láàrin ẹni méjì. Kò sí ẹni tí a kò pọ̀n rí láyé. Àléébù rẹ̀ kan ni pé kí ọmọ má gbà láti sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ó kọ mí lóminú. Elden Ring ni orúkọ eré náà. Ilé-iṣẹ́ FromSoftware ti Japan ni ó gbé e jáde ní oṣù Kejì ọdún 2022, Hidetaka Miyazaki ni ó darí rẹ̀, George R. R. Martin, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, sì lọ́wọ́ nínú ìtàn ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí akọni ń kó jọ níbẹ̀ ni runes. Wọ́n lójú púpọ̀: bí akọni bá kú, gbogbo èyí tí kò tíì ná ni yóò dà sílẹ̀ níbi tí ó kú sí, bí ó bá tún kú kí ó tó padà kó wọn, ó parí. Ẹ̀rù yìí ni iyọ̀ eré náà. Ṣùgbọ́n ibì kan wà nítòsí ààfin Mohgwyn tí ẹyẹ ńlá kan dúró sí òdìkejì ọ̀gbun. Bí a bá ta á lọ́fà láti ọ̀nà jíjìn, yóò fi ìbínú sáré bọ̀, yóò sì jábọ́ sínú ọ̀gbun. Runes bí 11,000 ni yóò wọlé fún ẹni tí kò gbé ẹsẹ̀ kan. Nígbà tí ó jẹ́ pé 673 ni ẹni tí ó wà ní ìpele 1 ń san láti bọ́ sí ìpele 2, ẹyẹ kan ṣoṣo tó láti gbé e kọjá ìpele mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, akọni a jókòó sinmi, ẹyẹ náà a jí padà, a tún ta á. Àwọn kan ń ṣe èyí ní ìgbà ọgọ́rùn-ún ní ìjókòó kan.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ẹyẹ yìí sí ẹ̀gbẹ́ ìjálá. Láti ìgbà tí Adébóyè Babalọlá ti gbé ìwé rẹ̀ lórí àkóónú àti ìṣọwọ́lò ìjálá jáde ní 1966, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ èdè wa tí kò mọ̀ pé oríki ẹranko jẹ́ òpó ńlá nínú ewì ọdẹ. Ọdẹ a máa ki ẹfọ̀n, a ki erin, a ki ọ̀bọ; a sọ bí ó ṣe ń rìn, bí awọ rẹ̀ ti rí, irú oúnjẹ tí ó ń jẹ, àti ìgbà tí ó ń pani. Ẹni tí kò bá sún mọ́ ẹranko kò lè kì í. Oríki ni ẹ̀rí pé ọdẹ dé igbó, bí ó ti jẹ́ pé àkísà ni ẹ̀rí pé aṣọ dé ara. Bí ọdẹ bá sì pa ẹranko ńlá, ètùtù ń bẹ tí yóò ṣe, nítorí ó mọ̀ pé ẹ̀mí ni òun gbà. Ẹyẹ Mohgwyn kò ní oríki. Ẹni tí ó pa á ní ìgbà ọgọ́rùn-ún kò mọ̀ ọ́n ju ìgbà àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Níhìn-ín, kò sí ìṣẹ́, kò sí ìyà, kò sì sí ẹran. Iye nìkan ni ó kù.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí á ṣe òdodo sí àwọn tí ó dá eré náà, nítorí iṣẹ́ wọn jìn ju bí àwọn tí ń wá àbùjá ṣe ń kà á lọ. Ọ̀nà méjì ni ó dé ọ̀dọ̀ ẹyẹ yẹn. Èyí tí ó gùn gba inú ilẹ̀ yìnyín kọjá, ìtàn sì ti jìnnà kí ènìyàn tó débẹ̀. Èyí tí ó kúrú gba ọwọ́ ọkùnrin kan tí ó fi ìbòjú funfun bo ojú, Varré. Òun yóò kọ́kọ́ rán akọni lọ bá àwọn ẹlòmíràn jà nínú ayé wọn ní ìgbà mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, yóò fún un ní aṣọ kan pé kí ó lọ rẹ ẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀ wúńdíá. Nígbà tí akọni bá mú un dé, tí ó sì gbà láti jẹ́ ìránṣẹ́ Olúwa Ẹ̀jẹ̀, Varré yóò ṣe ìka rẹ̀ ní oró, yóò sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ tí ń gbé ènìyàn dé ààfin lójú ẹsẹ̀. Níbo ni a ó ti rí ẹ̀jẹ̀ wúńdíá? Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a ti lè rí i ni ilé ìsìn tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí òkú wúńdíá kan wà nílẹ̀ nígbà tí akọni kọ́kọ́ dìde.

Ta ni ọmọ Nàìjíríà tí kò mọ ìtàn yìí? Láti ìgbà tí fíìmù Living in Bondage ti jáde ní 1992, tí Andy Okeke fi ìyàwó rẹ̀ Merit ṣe ètùtù ọlà, ni àwọn fíìmù wa ti ń tún un sọ: ọ̀nà àbùjá ń gba inú ẹ̀jẹ̀ obìnrin kọjá. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé òkú Merit kò jẹ́ kí Andy sinmi. Wúńdíá inú eré kò padà wá. Miyazaki àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé ibi ìkórè tí ó rọrùn jù sí ẹnu ọ̀nà ààfin ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì dákẹ́. Wọ́n fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún òǹkàwé. Òǹkàwé tí ó ń sáré kò kà á. Lójú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wúńdíá jẹ́ ohun kan nínú àwọn ohun tí a ń rà lọ́jà kí á tó dáná. Èyí ni àdánù tí mo ń sọ. Ìtàn ti bá a sọ̀rọ̀, etí rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ nọ́ńbà.

Ẹnì kan lè bi mí pé ṣé akọni ti Fágúnwà kò gba ọ̀nà àbùjá bí? Ìbéèrè náà dára. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938, olóògùn ni bàbá Àkàrà-Oògùn, àjẹ́ sì ni ìyá rẹ̀. Agbára tí ẹlòmíràn yóò fi ọdún pípẹ́ wá, ogún ni ó bá a. Bí a bá fi ojú eré kọ̀ǹpútà wò ó, ìpele gíga ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, igbó kò bẹ̀rù oògùn rẹ̀. Ó di ẹrú lọ́wọ́ ẹ̀dá inú igbó, ó sì rí ohun tí ọfọ̀ kò lè dá dúró. Nígbà tí ọba sì rán wọn lọ sí Òkè Lángbòdó, Àkàrà-Oògùn kò dá lọ. Kàkò wà pẹ̀lú rẹ̀, Ìmọ̀dòye wà, Olóhùn-Iyọ̀ wà, olúkúlùkù pẹ̀lú ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí wọ́n gbà lọ́dọ̀ Ìrágbèje fún ọjọ́ méje kì í ṣe agbára, ẹ̀kọ́ ni. Ọgbọ́n òǹkọ̀wé yìí wà níbẹ̀: ó fún akọni ní aṣọ ní ojú ìwé àkọ́kọ́, kí ìyókù ìtàn lè jẹ́ ìtàn àkísà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni pé kò dúró sínú eré. Mo ń bá a pàdé nínú ìwé ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò ka àkékúrú kókó ìtàn tí wọ́n tẹ̀ fún àwọn olùdánwò, yóò sì to orúkọ àwọn ọdẹ Lángbòdó lẹ́sẹẹsẹ láìṣi ọ̀kan. Máàkì ni yóò gbà, nítorí pé ìbéèrè bi í ní orúkọ, ó sì dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi í pé èwo nínú wọn ni ó pa á lẹ́rìn-ín, yóò máa wojú mi. Ẹyẹ Mohgwyn ni ó ń ta. Àwa tí a ń ṣètò ìdánwò ni a sì gbé ẹyẹ náà síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ ni a ń fi máàkì rà, kí ni a fẹ́ kí ọmọ aláìní tí iná kò dúró ní ilé rẹ̀ ṣe? Yóò ra èyí tí owó rẹ̀ ká.

Nítorí náà, èmi kò ní dá gbogbo àbùjá lẹ́jọ́ pọ̀. Àbùjá tí ó wá láti inú mímọ ilẹ̀ jẹ́ ọgbọ́n. Ọdẹ tí ó mọ ipa ẹran kò níláti yí gbogbo igbó ká. Àbùjá tí ó wá láti ẹ̀yìn ẹlòmíràn jẹ́ gbèsè. Kí ẹni tí ó jẹ ẹ́ rántí láti pọ̀n ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n àbùjá tí kò jẹ́ kí á mọ ohun tí a pa, tàbí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí a fi rẹ aṣọ, kò mú ẹnikẹ́ni dàgbà, bí nọ́ńbà rẹ̀ ti wù kí ó ga tó. Akọni bẹ́ẹ̀ ti láṣọ. Kí ó lọ sí oko, kí ó lọ sí igbó, kí ẹ̀gún fà á ya díẹ̀, kí òjò pa á. Ìgbà náà ni a ó tó bi í ní ìpele tí ó wà.