Ọwọ́ Tó Ń Fa Ìlù Sẹ́yìn

Àbúrò mi dijú kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ sampler rẹ̀. Yàrá abẹ́ ilé rẹ̀ ní Forestville la wà. Kọ̀ǹpútà wà ní títàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wò ó. Ìka kan wà lórí páàdì ìlù kick, òmíràn wà lórí ti ìlù snare. Ó lù ú lọ, ó lù ú bọ̀. Snare tó gbẹ̀yìn pẹ́ létí mi.

“O pẹ́ níbẹ̀ yẹn,” mo wí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ó pẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti mi orí.”

Ó pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe bíìtì ti ń jiyàn: ṣé ẹ̀rọ sampler ló dáa ni, àbí sọ́fítíwíà orí kọ̀ǹpútà? Ọjọ́ yẹn ni mo jókòó wo ọwọ́ ẹni tó ń lo méjèèjì.

Iṣẹ́ sampler ni pé kó gba ohùn díẹ̀ láti ara àwo orin, kí a gé e wẹ́wẹ́, kí a sì fi ìka lù ú bí ìlù. SP-1200 tí E-mu gbé jáde ní 1987 kò lè gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ. Ẹ wo ọgbọ́n tí àwọn àgbà iṣẹ́ náà dá sí i: àwo tó yẹ kó yí ní 33, wọ́n á yí i ní 45, kí ohùn gígùn lè wọ àyè kékeré, bó bá wọlé tán, wọ́n á fà á padà wálẹ̀. Ohùn náà á há, bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Iyanrìn yẹn gan-an làwọn èèyàn wá fẹ́ràn.

MPC60 dé ní 1988. Akai ti Jàpáánì ló ṣe é, Roger Linn, ará Amẹ́ríkà, ló gbé ètò rẹ̀ kalẹ̀. Páàdì rọ́bà 16 ló ní, mẹ́rin ní ìbú, mẹ́rin ní òró. Linn fi ohun kan síbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní swing. Bí o bá gbé e sí 50, gbogbo ìlù á dọ́gba. Bó ṣe ń gòkè lọ sí 66, èkejì nínú méjì-méjì á máa fà sẹ́yìn. Ní 54, etí lè má tètè mọ ohun tó yí padà, ṣùgbọ́n èjìká á ti mọ̀.

J Dilla, ọmọ Detroit tó ń ṣe bíìtì, kò dúró lórí nọ́ńbà yẹn. Nínú “Runnin’” tí ẹgbẹ́ The Pharcyde gbé jáde ní 1995, kick rẹ̀ ń bọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni kò retí. Quantize ni bọ́tìnnì tó ń fa ìlù bọ́ sójú ìlà. Dilla a máa pa á fún àwọn ohùn kan, a sì fi í sílẹ̀ fún òmíràn. Ẹni tó mọ dùndún kò ní pe ìyẹn ní àṣìṣe. Gúdúgúdú kì í kúrò lójú kan. Ìyáàlù ló ń rìn bó ṣe wù ú lórí rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Bí gúdúgúdú bá dákẹ́, ta ló fẹ́ mọ̀ pé ìyáàlù pẹ́?

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ní 1997, Didier Dambrin gbé FruityLoops jáde ní Bẹ́ljíọ̀mù. Òun ni à ń pè ní FL Studio lónìí. Àpótí kéékèèké 16 ló wà lórí ìlà kan. O tẹ èyí tó wù ọ́, ìlù bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò rówó ra MPC lè fi láptọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ti dé yàrá àwọn ọmọ Èkó. 9th Wonder, tó ń ṣe bíìtì, fi í ṣe àwo The Listening fún ẹgbẹ́ Little Brother ní 2003. Lọ́dún yẹn kan náà, Jay-Z fi bíìtì 9th Wonder kan sínú The Black Album.

MPC60 àti MPC3000 tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ pín ìlù kan sí àmì 96. FL Studio náà, bí a kò bá yí i padà, 96 ni. Bí bíìtì bá ń lọ ní ìlù 90 ní ìṣẹ́jú kan, àmì 144 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Àyè tí snare lè fi pẹ́ kò yàtọ̀. Sábẹ́ ìka ni MPC gbé e sí. Iwájú ojú ni FL Studio gbé e sí.

Àbúrò mi tún bíìtì náà tò lórí kọ̀ǹpútà. Gbogbo rẹ̀ bọ́ sójú ìlà, ó mọ́ tónítóní, kò sì dùn. Ó tẹ Alt mọ́lẹ̀ kí ìlà má baà fà á mọ́ra, ó ti snare tó gbẹ̀yìn sọ́tùn-ún díẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó dá a padà, ó tún tì í. Nígbà tó yá, ó yíjú kúrò lára kọ̀ǹpútà pátápátá. Ìgbà yẹn ló tó mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Mo bi í níbi tó ti kọ́ ọ. “Go-go ni,” ló wí. Chuck Brown ni wọ́n ń pè ní baba orin yẹn ní Washington, àwọn ará Prince George’s County, níbi tí Forestville wà, sì ń jó o bí ohun ìní wọn. Kọ́ńgà kì í dákẹ́ láàárín orin kan sí èkejì, ìlù á sì máa lọ pẹ̀lẹ́ kí ara lè ráyè mì. Ní 2020, Washington fi òfin sọ ọ́ di orin ìlú náà. Wale, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Olubowale Akintimehin, ti gbé rap lé e lórí. Ẹni tó gbọ́ kọ́ńgà bẹ́ẹ̀ láti kékeré ti mọ bí snare ṣe ń pẹ́ kó tó fojú kan ẹ̀rọ.

Ní tèmi, ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò ní láti fi owó ilé ra MPC. Kọ̀ǹpútà tó o. Ṣùgbọ́n kó máa yíjú kúrò níbẹ̀ kó tó sọ pé iṣẹ́ parí.

Dilla kú ní 2006, lẹ́ni ọdún 32. Ní 2014, ìyá rẹ̀, Maureen Yancey, fi MPC3000 rẹ̀ ta mùsíọ́mù Smithsonian ti ìtàn àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lọ́rẹ. Washington ni mùsíọ́mù náà wà. Láti Forestville, Pennsylvania Avenue ni kí ẹ tẹ̀lé wọ ìlú. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọ ibẹ̀.