Ìtẹ́ Tó So, Ìtẹ́ Tó Tú: Lámèyítọ́ lórí Ìwé Stanley Barrett nípa Ayétòrò

Àkọlé ìwé tí Stanley Barrett gbé jáde ní 1977, The Rise and Fall of an African Utopia, ti sọ ibi tí ìtàn náà ń lọ. Ìlú tó pè ní Olowo nínú rẹ̀ ni Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó òde òní. Àwọn apẹja tí wọ́n ṣe inúnibíni sí nítorí ìgbàgbọ́ wọn ló tẹ̀ ẹ́ dó sétí òkun ní 1947. Ẹnikẹ́ni kò dá owó ní. Ohun tí kálukú bá pa lójúmọ́, àpò ìlú ló ń wọ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, iná mànàmáná, aṣọ híhun àti ọkọ̀ ojú omi kíkàn ti fìdí múlẹ̀ lórí àbàtà náà.

Barrett ní àjọni dúkìá ló bí ọrọ̀ yìí, pé kì í ṣe ẹ̀sìn. Ẹ̀rí rẹ̀ lágbára: ó fi Ayétòrò wé ìlú kan nítòsí tí ẹ̀sìn wọn jọra, ṣùgbọ́n tí kálukú ń ṣe tirẹ̀, tí wọn kò sì lówó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ta ló pàṣẹ àjọni náà? Ọba tó tún jẹ́ aṣáájú ẹ̀sìn ni. Nígbà tí òwò àdáni sì wọlé ní 1968, lábẹ́ ọba kejì, ìtẹ́ kan náà tó so òfin ló tú u. Kò sí ariwo olè tàbí àgbèrè níbẹ̀, irú èyí tí ìwé ìròyìn fẹ́ràn. Àyè ni wọ́n kàn fi sílẹ̀. Ìdílé tí wọ́n ti rẹ̀ sílẹ̀ tún gbérí, ìtara ẹ̀sìn sì rọ.

Barrett kò fún ọ̀rọ̀ ìtẹ́ yìí láyè tó. Ẹ wo Ìjàrè, lẹ́bàá Àkúrẹ́. Nígbà tí àrá pa màlúù 36 lórí Òkè Owa ní oṣù kẹsàn-án 2019, àlàyé ará ìlú fún àwọn oníròyìn ni pé Olújàrè nìkan ló ń gun òkè náà, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Èèwọ̀ náà ju ọba lọ. Ó bá a nílé ni. Òfin Ayétòrò kò ju ọmọ ọdún 21 lọ ní 1968, kò sì sí babańlá kankan lẹ́yìn rẹ̀ tí ọba ìbá bẹ̀rù.

Lónìí tí òkun ń gbé ilé wọn lọ, ìjọba ni àwọn ará Ayétòrò ń ké pè.