Híta Púlọ́ọ̀gì, Iṣẹ́ Tí Mo Fẹ́ràn Jù

"Èkó ò tutù." Ohun tí mo máa ń gbọ́ nìyẹn lẹ́nu àwọn tó bá gbé ọkọ̀ díísù àtijọ́ wá bá mi ní Olówógbowó, tí mo bá ti bèèrè pé ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ híta púlọ́ọ̀gì rẹ̀ gbẹ̀yìn. Wọ́n gbà pé nítorí yìnyín Jámánì ni wọ́n ṣe fi í sára ẹ́ńjìnì, pé kò ní iṣẹ́ kankan níbí. Àwọn mẹkáníìkì kan gan-an gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tó jẹ́ pé púlọ́ọ̀gì méjì péré ló jóná nínú rẹ̀ fi máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ oníbátìrì, kó ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tú kíkì sítátà, kó tún dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe pọ́ńpù, kó tó wá já sọ́wọ́ mi. Owó á sì ti lọ.

Ẹ́ńjìnì díísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná bíi ti ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù. Rudolf Diesel, ará Jámánì tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ yanjú ní 1897, ooru afẹ́fẹ́ ló gbójú lé. Písítìnì á fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí yóò fi gbóná kọjá 500°C, díísù á wọlé bá a, á sì gbiná fúnra rẹ̀. Nínú Mercedes 240D, afẹ́fẹ́ tó kún sìlíńdà ni písítìnì ń fún mọ́ àyè tí kò ju ìdá kan nínú 21 lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ àtijọ́ yìí kì í tú díísù sórí písítìnì tààrà. Yàrá kékeré kan wà nínú tọ́ọ̀pù sìlíńdà. Ibẹ̀ ni nọ́sù ń tú u sí, ibẹ̀ náà ni ṣóńṣó híta púlọ́ọ̀gì yọrí sí. Bí ẹ́ńjìnì bá sùn mọ́jú, irin yàrá yẹn á máa fa ooru afẹ́fẹ́ mu, bí igi tútù ṣe ń pa iná ààrò. Kí ni ìwọ̀n 26 tí Èkó ní láàárọ̀ já mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ 500 tí à ń wá? Irin ló tutù, kì í ṣe ìlú. Ṣóńṣó púlọ́ọ̀gì tó bá gbóná ju 800°C lọ ló ń wá nǹkan ṣe sí òtútù irin yẹn.

Ní àdúgbò wa, àìsàn kí ọkọ̀ máa kọ̀ láàárọ̀ yìí ní ìtìjú tirẹ̀. Erékùṣù Èkó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Kò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí èèyàn lè jẹ́ kí ọkọ̀ yí lọ kó fi sítáàtì, àfi tó bá tì í gun ẹnu Afárá Èkó ní Apọ́ngbọ̀n. Ta ló máa gbà á láyè? Ojú ọ̀nà tóóró tí àwọn Sàró tó ti Sierra Leone padà wá kọ́lé sí ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ni à ń gbà, ó sì ti kún fún alábàárù àti èrò ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Bí jíà ọkọ̀ bá tún jẹ́ ọtomátíìkì, títì kò wúlò rárá. Ìdí nìyẹn tí bàbá kan tó ní 240D fi máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì rẹ̀ máa kù láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àní lẹ́yìn tí owó díísù ti fò kọjá ₦700 lítà kan ní 2022.

"Ọ̀gá, ọkọ̀ yìí kì í fẹ́ sítáàtì láàárọ̀," ni bàbá wí. "Ó di ìgbà tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ títí tí bátìrì bá fẹ́ kú. Èéfín funfun nìkan ló máa ń tú."

"Tó bá wá di ọ̀sán ńkọ́, bàbá? Tí ẹ bá pa á, tí ẹ tún ṣáná sí i?"

"Ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n yí kọ́kọ́rọ́ délẹ̀."

"Ẹ ṣé, bàbá. Ẹ ti bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́ náà."

Òótọ́ ni. Ọkọ̀ tó ń kọ̀ láàárọ̀, tó ń gbà lọ́sàn-án, tí kíkì sítátà rẹ̀ ń yí gírígírí: kò sí ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ fura sí ju híta púlọ́ọ̀gì lọ. Èéfín funfun yẹn, díísù tó wọlé tí kò rí iná jó ni. Bí èéfín kankan kò bá jáde rárá, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Díísù ni kò dé ibi tó yẹ kó dé. Bó bá sì ń kọ̀ lọ́sàn-án bó ṣe ń kọ̀ láàárọ̀, ẹ jẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ kọ́ńpúrẹ́ṣọ̀n.

Iṣẹ́ yìí dùn mọ́ mi nítorí pé ó ń fèsì. Bátìrì ni mo kọ́kọ́ ń wọ̀n, torí púlọ́ọ̀gì mẹ́rin lápapọ̀ a máa fa iná tó ju 40 áńpì lọ. Bátìrì tó rẹ̀ á pa irọ́ fún èèyàn. Lẹ́yìn náà ni mo ń ṣí fíúsì pẹlẹbẹ tó wà lórí rílè wò. Ó lè là tín-ínrín tí ojú lásán kò ní rí i. Mo ti bá wáyà bàbà níbẹ̀ rí, tí rewáyà kan dè mọ́ ọn dípò fíúsì 80. Bí rílè bá há mọ́ra pẹ́nrẹ́n, wáyà ni yóò jó.

Bí ibẹ̀ bá pé, màá yọ wáyà orí àwọn púlọ́ọ̀gì. Tẹ́sítà rewáyà, gílóòbù kékeré oníwáyà méjì, ni màá gbé ẹnu kan rẹ̀ sí orí pọ́sítíìfù bátìrì, màá fi ẹnu kejì kan orí púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá tan gílóòbù ṣì wà láàyè. Èyí tí kò tàn án ti já nínú. Àmọ́ púlọ́ọ̀gì tó ti ń kú lọ lè tan gílóòbù, nítorí náà mítà ló ń dá ẹjọ́: èyí tó dáa kì í sábà ju óòmù kan lọ. Kí ẹ tó kà á, ẹ so ẹnu wáyà mítà méjèèjì pọ̀ ná, kí ẹ yọ iye tó bá fi hàn kúrò. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kì í fẹ́ ṣe èyí.

Àwọn Mercedes tí wọ́n ṣe ṣáájú 1980 tún ní ọgbọ́n tiwọn. Púlọ́ọ̀gì wọn jẹ́ olókùn róbótó, wọ́n sì tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn lórí wáyà kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá já, gbogbo wọn dákẹ́. Ẹni tí kò mọ èyí á ní kí onímọ́tò ra odindi mẹ́rin nígbà tí ẹyọ kan péré kú.

Yíyọ ni ibi tí ọwọ́ ti ń hàn. Abẹ́ páìpù nọ́sù ló wà, kò sí àyè. Mo máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì lọ́ wọ́ọ́rọ́, màá ti fi epo tó ń wọ ìpẹta sí i láti alẹ́ àná, màá wá yí i síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti gbọ́ pé irin náà ń lọ́ dípò kó máa yí, ẹ dúró. Èyí tó bá kán sínú tọ́ọ̀pù sìlíńdà ti sọ iṣẹ́ wákàtí kan di iṣẹ́ títú ẹ́ńjìnì. Lẹ́yìn tó bá jáde, mo ń ha káábọ̀n inú ihò rẹ̀, torí púlọ́ọ̀gì tuntun tó bá há sáàárín káábọ̀n kò ní pẹ́ jó. Ìka ọwọ́ ni mo fi ń yí tuntun wọlé kí sípánà tó kàn án.

Ẹ wo ṣóńṣó èyí tí ẹ yọ. Bó bá jẹ́ sìlíńdà kan náà ló ń jẹ púlọ́ọ̀gì ní gbogbo ìgbà, nọ́sù rẹ̀ ló ń kán díísù sórí iná. Ẹ tún nọ́sù ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó máa rà á títí. Ní ọjà Ládípọ̀ tí mo ti ń ra púlọ́ọ̀gì, mi ò gba ọ̀rọ̀ ara páálí gbọ́, ì báà jẹ́ Bosch tàbí Beru ni wọ́n kọ sí i. Mo ń gbé e sórí bátìrì níwájú ẹni tó ń tà á: láti ṣóńṣó ló gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ pọ́n. Èyí tó bá ti àárín pọ́n wá, mo dá a padà.

Ohun kan ṣoṣo ni mi ò ní bá ẹnikẹ́ni dákẹ́ lé lórí. Àwọn kan ń fín bẹntiróòlù tàbí éétà inú agolo sí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń mí, kí ọkọ̀ lè sítáàtì. Bí híta púlọ́ọ̀gì kan bá ṣì ń pọ́n nínú, ó lè bú gbàmù kí písítìnì tó dókè, ó sì lè fọ́ ẹ́ńjìnì. Bí ẹ bá ní ọkọ̀ díísù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé agolo yẹn sún mọ́ ọn, ẹ sì ní kí ó fi tẹ́sítà kan orí púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú yín kí ẹ tó sanwó bátìrì tuntun.